Fíríì kò tó: ohun tó ń ba gíà jẹ́ nínú mọ́tò tí wọ́n fi jíípù fà

Bí ìdílé kan bá ń kó láti Maryland wá sí Houston, mọ́tò méjì ló sábà máa ń wà nílẹ̀, awakọ̀ kan ṣoṣo ló sì máa ń wà. Màmá àti àwọn ọmọ á wọ bàálù, bàbá á wa jíípù. Camry ńkọ́? Ẹnìkan kò ní ṣàì sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ so ó mọ́ jíípù lẹ́yìn, ẹ fi gíà sí fíríì, ó parí nìyẹn." Tọmọdé tàgbà ló gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Iṣẹ́ gíà ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí gan-an, nítorí owó tí èèyàn fi òógùn ojú wá ló ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú gíà ọ̀tọ̀mátíìkì fún yín. Pọ́ǹpù kan wà níbẹ̀ tó ń fa ọ́ìlì láti inú páànù ìsàlẹ̀, tó ń tì í lọ sí ara béárì, sí àárín eyín gíà, sí ibi gbogbo tí irin ti ń kan irin. Ẹ́ńjìnì ló ń yí pọ́ǹpù yẹn. Bí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnì, pọ́ǹpù ti dákẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n táyà iwájú Camry tó wà lórí títì kò dákẹ́. Bó ṣe ń yí ló ń yí ọ̀pá tó so mọ́ ọn, ọ̀pá náà sì ń yí àwọn eyín tó wà nínú gíà. Iṣẹ́ tí fíríì ń ṣe kò ju pé ó já ẹ́ńjìnì kúrò lára táyà. Apá tó so mọ́ táyà ń yí lọ ní tirẹ̀, bí jíípù bá ń sá 60 máìlì ní wákàtí kan, eré 60 ni òun náà ń sá, láìsí ọ́ìlì tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti Maryland dé Houston sì lé ní 1,400 máìlì.

Ibi tí a ti kó ìgbàgbọ́ yìí wá kò ṣòroó mọ̀. Nílé, bí mọ́tò bá kú ní Ọ̀jọ́ta, a ó so okùn mọ́ ọn, a ó fi sí fíríì, a ó fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Kétu. Kò sí ohun tó ń ṣe é. Nígbà náà, Peugeot 504 tàbí Datsun oní gíà mánúà ló pọ̀ jù, irú gíà tí kò ní pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀mátíìkì, ọ́ìlì tó ṣẹ́kù sára irin nígbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnì lè gbé e fún ìrìn kúkúrú, pàápàá bí ẹni tó ń fà á bá rọra ń lọ. Ohun tó ṣe é ṣe láàárín àdúgbò méjì la wá gbé lọ sórí òkè Virginia.

Àwọn kan á ní, "Ṣùgbọ́n a ń rí àwọn òyìnbó lójú títì tí wọ́n ń fi mọ́tò onílé, RV, fa mọ́tò kékeré, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì wà nílẹ̀." Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo irú mọ́tò tí wọ́n ń fà dáadáa. Ẹ ó rí Jeep Wrangler lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé àwọn tó ṣe é fọwọ́ sí i. Ẹ sì tún gbọ́ èyí: bí wọ́n bá fẹ́ fa Wrangler ọ̀tọ̀mátíìkì, inú Park ni wọ́n máa ń fi gíà sí. Transfer case, èyí tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti tẹ̀yìn, ló ń lọ sí fíríì, òun ló sì ń dá yíyí táyà dúró kó má baà dé inú gíà. Ẹni tó bá kó ọgbọ́n "fíríì" wa lọ síbẹ̀ ti ṣì í.

Honda CR-V tún kọ́ wa. Èyí tí wọ́n ṣe títí di 2014, ìwé rẹ̀ gbà kí wọ́n fà á pẹ̀lú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, ṣùgbọ́n ètò wà níbẹ̀: ẹ ó kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnì, ẹ ó kó gíà sí D kí ẹ tó dá a padà sí N, ìyẹn fíríì, ẹ ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 3 kí ẹ tó pa á, ẹ kò sì gbọdọ̀ sá kọjá 65 máìlì ní wákàtí kan. Nígbà tó di ti 2015, wọ́n pààrọ̀ gíà rẹ̀ sí CVT, irú ọ̀tọ̀mátíìkì tó ń lo bẹ́líìtì dípò eyín gíà, Honda sì gba àṣẹ yẹn padà. Orúkọ kan náà, ìrísí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, ọdún kan péré ló wà láàárín wọn. Ìdí nìyí tí "ti ẹ̀gbọ́n mi kò ṣe nǹkan kan" kò fi lè jẹ́ ẹ̀rí fún mọ́tò tiyín.

Ohun tó ń mú kí irọ́ yìí pẹ́ láyé ni pé ìyà rẹ̀ kì í jẹ èèyàn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á gúnlẹ̀ sí Houston, wọ́n á tan Camry, á sì rìn. Ó lè tó ìgbà díẹ̀ kí gíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀: ẹ́ńjìnì á máa ké, mọ́tò ò ní fẹ́ sáré. Wọ́n á ní mọ́tò ti gbó. Bí a bá wá tú páànù rẹ̀, ọ́ìlì tó yẹ kó pupa bíi zobo á ti dúdú, òórùn jíjóná á gba ojú wa. Lára máńgẹ́ẹ̀tì tó wà nínú páànù, dípò ìyẹ̀fun irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a máa ń retí, ẹ̀ẹ́rún tí ìka lè mú la máa ń bá. Béárì á ti di búlúù níbi tí ooru ti mú un.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé mọ́tò tí ẹ fẹ́ fà, kì í ṣe ti jíípù nìkan. Bó bá jẹ́ pé táyà iwájú ni ẹ́ńjìnì ń yí, bíi ọ̀pọ̀ Camry àti Corolla, tow dolly, ìyẹn tírélà kékeré onítáyà méjì, á gbé táyà iwájú sókè, tẹ̀yìn á máa yí láìsí ewu. Bó bá jẹ́ pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnì ń yí, tàbí mọ́tò iná bíi Tesla, tírélà tó ń gbé odindi mọ́tò kúrò nílẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni ìṣirò tún ti ń tan èèyàn jẹ. Highlander V6 tó ní ohun èlò ìfà lè fa 5,000 páùn. Camry wọn nǹkan bíi 3,400. Wọ́n á ní àyè ṣì wà. Ṣùgbọ́n tírélà tó ń gbé mọ́tò, èyí tí U-Haul, ilé iṣẹ́ tó ń yá èèyàn ní tírélà, ń yá wa, wọn 2,210 páùn kí ohunkóhun tó gun orí rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ di 5,610, ó ti kọjá. Dolly wọn nǹkan bíi 750, ìyẹn ló lè wọlé, tí ẹ kò bá ki ìkòkò àti àpótí kún inú Camry náà. U-Haul ní kí ẹ má sá kọjá 55. Ọ̀pọ̀ RAV4 kò lè fa ju 1,500 lọ, nítorí náà ẹ má dá a lábàá. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó mọ́tò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn wà, ẹ wo nọ́ńbà USDOT wọn, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, kí ẹ tó sanwó.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ ti fi fíríì fà á débí, ẹ má tíì máa wà á lọ síbi iṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tú páànù gíà rẹ̀, kí ẹ dúró tì wọ́n, kí wọ́n fi máńgẹ́ẹ̀tì yẹn hàn yín kí wọ́n tó nù ún.