Ẹni Tó Ní Kí N Ya Fídíò Òkùnkùn, Kó Wá Yà Á

Ilé iṣẹ́ tó ṣe tọ́ọ̀ṣì abẹ́ omi tí mo rà, èyí tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ nísàlẹ̀ òkun, tún ti fèsì sí ẹ̀sùn mi. Lẹ́yìn gbogbo àlàyé tí mo ti ṣe, lẹ́yìn fọ́tò bátìrì, fọ́tò sípíríǹgì, fọ́tò rọ́bà, títí kan fọ́tò nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fín sídìí tọ́ọ̀ṣì, èsì tí mo bá láàárọ̀ yìí ni pé kí n jọ̀wọ́ ya fídíò ibi tí iná náà ti ń kú lábẹ́ omi, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń ṣe é gan-an.

Fídíò iná tó ń kú. Lábẹ́ omi. Lóru. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ omi lóru, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀. Kí ni kámẹ́rà fẹ́ rí níbẹ̀? Tọ́ọ̀ṣì tó kú yẹn kan náà ló yẹ kó máa tanná fún kámẹ́rà!

Ẹ jẹ́ kí n rò ó, kí ẹ bá mi dá a. Tọ́ọ̀ṣì yìí kì í ṣe àlòkù. Èmi ni mo tú u nínú páálí. Mo gba iná sí bátìrì rẹ̀ títí ó fi kún. Mo yọ rọ́bà róbótó tó ń dí omi, mo nù ún, mo fi ìka tọ ọ̀nà tó ń jókòó sí yíká, torí gbogbo wa la mọ̀ pé irun orí kan ṣoṣo tàbí ẹyọ iyanrìn kan tó bá dábùú ibẹ̀ ti tó láti fi omi kún inú tọ́ọ̀ṣì. Mo fi gírísì sílíkóònì díẹ̀ pa á, díẹ̀ tó kàn mú kó máa dán. Mo lọ́ ìdí rẹ̀ pa dáadáa. Mo tàn án, ó tàn. Mo rì í sínú garawa, ó tàn, ìhó kankan ò jáde lára rẹ̀. Kí ló tún kù tí ọmọ ènìyàn lè ṣe?

Èmi àti alábàárìn mi sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun. Ní mítà 5, iná ń tàn. Ní mítà 10, ó ń tàn, mo tilẹ̀ ń yìn ín lọ́kàn ara mi. Bí a ṣe ń sún mọ́ mítà 18 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó tàn. Ó tún ṣẹ́jú. Mo tẹ bọ́tìnnì, kò dáhùn. Mo tún un tẹ̀, ó tàn lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó ṣẹ́jú wàràwàrà bí ojú ẹni tí ata ta sí, ó sì kú pátápátá.

Ẹ sì mọ ohun tí iná tó ń mì wàràwàrà túmọ̀ sí lóru lábẹ́ omi. Alábàárìn mi rí i láti ọ̀ọ́kán, ó rò pé ẹ̀mí mi ló fẹ́ bọ́. Ó já wá, ó gbá mi ní okùn àyà mú, ó sì ń ki ẹnu ìmí (ohun tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú àgbá) tó fi pamọ́ fún ìgbà wàhálà bọ̀ mí lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn mi gbàgbàgbà! Mò ń tì í, ó ń ki í bọ̀ mí. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ yẹn, iná la sì fi ń tan ọwọ́ kí ẹnìkejì lè rí i, iná tèmi sì rèé, ó ti kú. Iná tiẹ̀ sì ni, ojú mi ló kọ ọ́ sí, tó fi jẹ́ pé èmi náà ò rí nǹkan kan mọ́. Ká ní kì í ṣe pé mo so tọ́ọ̀ṣì kékeré mọ́ èjìká ni, à bá ṣì máa bá ara wa jìjàkadì níbẹ̀. Òun ni mo fà yọ, mo fi yí òbírípo fún un pé kò sí nǹkan, mo wá nàka sókè pé ká máa lọ. Eré ìgbádùn tí a ti ń gbèrò láti ọjọ́ yìí, ó parí síbẹ̀.

Ibi tó ti wá dùn jù lẹ fẹ́ gbọ́ yìí. A dé mítà 5, a dúró kí ìṣẹ́jú 3 pé bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń gòkè ṣe fún ààbò. Mo wolẹ̀, mo rí i pé ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ roro. Tọ́ọ̀ṣì ti tàn! Èmi kọ́ ni mo tàn án. Ó là lọ́wọ́ ara rẹ̀ bí a ṣe ń gòkè, ó ń dán yanran, ẹja wẹ́wẹ́ ti pé jọ sí iwájú rẹ̀. A yọrí sókè omi, alábàárìn mi bọ́ ẹnu ìmí lẹ́nu, ó ní, “Kí ló dé? Ṣé afẹ́fẹ́ rẹ tán ni?” Mo ní, “Afẹ́fẹ́ wo? Tọ́ọ̀ṣì ló kú!” Ó wo tọ́ọ̀ṣì tó ń jó geere lọ́wọ́ mi, ó wojú mi, ó ní, “Tọ́ọ̀ṣì wo ló kú?”

Ẹ ò rí i pé ó ti sọ mí di òpùrọ́.

Ohun tó ń tàn lókè, tó ń kú nísàlẹ̀, tó tún ń jí bí a bá ń gòkè, ṣé ó tún yẹ kí a máa da obì sí i? Ìtẹ̀ omi ni! Ní mítà 18 nínú òkun, ohun tó ń tẹ tọ́ọ̀ṣì yẹn ti di ìlọ́po 2.8 ti òkè omi. Ó lè jẹ́ bọ́tìnnì lomi ń tẹ̀ wọlé. Ó lè jẹ́ ìdí tọ́ọ̀ṣì ló ń sún, tí sípíríǹgì ò fi fara kan bátìrì mọ́ bó ṣe yẹ. Mo tú u nílé, inú rẹ̀ gbẹ táútáú, kò sí iyọ̀, kò sí ìpẹtà. Gbogbo èyí ni mo kọ sí wọn, mo tò ó bó ṣe tẹ̀ léra.

Wọ́n fèsì pé: ǹjẹ́ ẹ rántí gba iná sí bátìrì?

Mo mú sùúrù. Mo ní mo gbà á. Wọ́n ní kí n fi sípírítì tí a fi ń nu egbò nu ibi tí irin ti ń kan irin. Mo nù ún. Wọ́n ní kí n gbìyànjú bátìrì mìíràn. Ẹ dákun, irú wo? Wọ́n kọ 18650 sára rẹ̀, ìyẹn fífẹ̀ mílímítà 18, gígùn 65, gbogbo wa la sì mọ̀ pé èyí tó ní pátákó iná kékeré tó ń dáàbò bò ó nídìí máa ń gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé òmíràn lórí ṣónṣó, òmíràn lórí pẹrẹsẹ, àti pé èyí tí kò bá bá sípíríǹgì mu kò ní tàn rárá. Ìwé ìlò wọn ò sọ ìkankan. Ẹ wá lọ wo àwọn bátìrì tó wà níta, tí wọ́n á kọ 9900mAh (ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) gàdàgbà sí i lára, nígbà tó jẹ́ pé 18650 gidi, kódà èyí tó dára, nǹkan bí 3500 ló sábà máa ń wà. Olè! Olè ọ̀sán gangan! Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, ẹni tó ń tà á mọ̀, àwa tí à ń rà á nìkan la máa ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Àwọn onímọ̀ràn náà ò jẹ́ kí n sinmi. Ẹnìkan ní kí n fi fásílìnì pa rọ́bà rẹ̀ dáadáa. Fásílìnì tó máa ń mú kí irú rọ́bà kan wú! Ó ní òun ti ń lò ó tipẹ́. Kò ṣẹlẹ̀ sí i ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá wa. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ní kí n tú ìdí tọ́ọ̀ṣì náà ní kété tí mo bá jáde nínú omi, kí n yọjú wo inú rẹ̀ bóyá omi wọ̀ ọ́. Kí n yọjú wò ó! Tọ́ọ̀ṣì tí omi iyọ̀ bá bátìrì nínú rẹ̀ lè kún fún gáàsì, ìdèrí rẹ̀ sì lè fò yọ bí ọta ìbọn. Ojú la kì í kọ sí i, a kì í sì í kọ ọ́ sí ẹlòmíì. Àwọn tó ń ṣe é, tó ń tà á, ni wọ́n ń ní kí n kó ojú mi méjèèjì lọ bá a. Mi ò tilẹ̀ fèsì sí ìyẹn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, torí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi, wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀.

Ni mo bá ní kí wọ́n gba tọ́ọ̀ṣì wọn padà, ṣebí wáráńtì ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n fi ìwé wáráńtì ránṣẹ́ sí mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Wáráńtì náà ò kan ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ omi wá.

Iná abẹ́ omi o! Wọ́n kọ mítà 100 sí i lára, wọ́n ya àwòrán ẹja àbùùbùtán sára páálí rẹ̀, wọ́n wá ní tí omi bá fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ wọn kọ́. Kí ló wá yẹ kó ti ọwọ́ rẹ̀ wá? Ọ̀yẹ́? Wọ́n ní bí mo bá fẹ́, kí n fi í ránṣẹ́ tòun ti bátìrì, kí owó ọkọ̀ jẹ́ tèmi. Bí àwọn agbẹ́rù bá sì ti gbọ́ bátìrì lítíọ́ọ̀mù bíi ti tọ́ọ̀ṣì yìí báyìí ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè wọn ò sì yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ yìí.

Mi ò fẹ́ owó mi mọ́. Mi ò fẹ́ tọ́ọ̀ṣì mìíràn. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà yìí sí mi ni kí wọ́n fún mi. Kó wá, kí n yá a ní aṣọ omi, kí n gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ọ lẹ́yìn, kí a dúró kí òru gànjọ́, kí a jọ sọ̀ kalẹ̀ dé mítà 18. Tọ́ọ̀ṣì wọn yìí nìkan la máa mú dání. Kó mú ìwé ìlò náà lọ́wọ́, kó ṣí i sí ojú ìwé tí wọ́n kọ “bí iná kò bá tàn” sí, kó sì kà á sókè fún mi.