Ìwọ̀ tó gúnni: ẹ wo ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri láàárín àwọn tó ń dẹ ìwọ̀ l'Óṣogbo àti létí odò Erinlẹ̀: "Bí ìwọ̀ bá gún ọ, tètè fà á yọ. Bí kò bá ti dógùn-ún, kò léwu." Ẹ jọ̀ọ́, méjèèjì kò tọ̀nà.

Ẹ̀gún kékeré tó kọjú sẹ́yìn lẹ́bàá ṣónṣó ìwọ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Bí kò bá tíì wọlé, ẹ lè rọra fa ìwọ̀ padà, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ojú ibẹ̀. Bó bá ti wọlé, fífà á ló ń ya ẹran ara. Ẹ dán an wò: ẹ ki ìwọ̀ bọ àkísà, kẹ́ ẹ fà á. Á ya á. Ẹ wá fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún náà pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Á yọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Torí náà, bí ẹ̀gún bá ti wọlé, ẹ gé okùn, ẹ fi ìwọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ lọ sílé ìwòsàn. Tójú bá ni, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ fi ife bò ó láìtẹ ojú náà, kẹ́ ẹ sáré lọ.

Irin tó dógùn-ún kọ́ ló ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tó ń mú kí iṣan ara le gan-an. Kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ àti ẹrẹ̀ ni, ìwọ̀ tuntun tó ń dán sì lè gbé e wọ ara. Bó bá ti lé lọ́dún 5 tẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ lọ gba òmíràn.