Aṣọ Ńlá Kọ́ Ni Ènìyàn Ńlá: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Olórin Ìkòròdú

Ó ti ń sú mi. Mo lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù agẹrun ní Sábó ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí wọ́n tan tẹlifíṣàn, kí fídíò orin ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìkòròdú bẹ̀rẹ̀, kí n sì ti mọ gbogbo ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ kí olórin náà tó la ẹnu: ọkọ̀ bọ̀gìnnì yóò tò lẹ́sẹẹsẹ, ilé ńlá kan yóò yọ, àwọn ọmọbìnrin yóò jókòó yí omi ìlúwẹ̀ẹ́ ká, olórin yóò sì máa ju ọwọ́ sí ojú kámẹ́rà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó jẹ́ tirẹ̀. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, gbogbo wa la sì ti rí ẹni tó yá agbádá lọ sí òde ìyàwó tí kò lè jókòó jẹun kí epo má baà ta sí i. Fídíò ni aṣọ tí a ń wọ̀ fún orin. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti wá ń yá aṣọ tó tóbi ju orin lọ, orin sì ti sọnù sínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí òǹwòran fẹ́, ojú àwọn tó ń wo tẹlifíṣàn ni kó wò. Bí ilé ńlá bá ti yọ, oníkálukú á padà sídìí fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá ṣèèṣì gba èbúté Ìpakodò kọjá, tí ọkọ̀ ojú omi àti àwọn èrò inú rẹ̀ bá hàn, ẹni tí wọ́n ń gẹ irun rẹ̀ lọ́wọ́ pàápàá á yí orí, agẹrun á sì bá a wí. Wọ́n fẹ́ ìtàn pẹ̀lú. Àwọn ojúgbà mi rántí bí a ṣe máa ń há mọ́ra nínú yàrá ẹni tó ní ẹ̀rọ fídíò láti wo Thriller tí Michael Jackson gbé jáde ní ọdún 1983. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 14, síbẹ̀ a kì í dìde kó tó parí, nítorí pé a fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin inú rẹ̀ yóò já sí. Lónìí, ìṣẹ́jú mẹ́ta ń gùn jù.

Àwọn òǹwòran kórìíra kí ẹnu olórin máa lọ lọ́tọ̀, kí ọ̀rọ̀ máa lọ lọ́tọ̀, mo sì gbà pé àìmúra ló ń fa èyí ju àìlówó lọ. Orin tí a ti gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń tàn níbi tí wọ́n ti ń ya fídíò, olórin á sì máa fi ẹnu tẹ̀ lé e. Bí olùdarí fídíò bá fẹ́ kí ara olórin máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lójú wa kí ẹnu rẹ̀ sì bá orin mu, yóò jẹ́ kí orin náà sáré ní ìlọ́po méjì nígbà tí wọ́n ń yà á, kámẹ́rà yóò ya àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọn yóò sì wá máa fi 25 hàn wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ìṣísẹ̀ lè falẹ̀ sí ìdajì, kí ẹnu sì padà bá orin gidi mu. Ẹni tí yóò ṣe èyí gbọ́dọ̀ ti fi orin eré sísá yẹn dánra wò nílé títí tí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àkókò tó yẹ kí wọ́n fi dánra wò ni wọ́n fi ń wá ẹni tí yóò yá wọn ní ṣéènì ọrùn.

Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tó kọ orin fún ìyá rẹ̀. Ẹja ni ìyá náà ń yan ní Báyékù, owó ẹja yíyan ló sì fi rán an lọ sí ilé ìwé. Mo gbọ́ orin yẹn kó tó di fídíò. Ó dárúkọ èéfín, ó dárúkọ agbọ̀n, ó dárúkọ ojú tó ń pọ́n ìyá rẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀, àwọn obìnrin tó gbọ́ ọ sì ń fi ìborùn nu ojú. Ọmọ náà kó àjọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ kó tirẹ̀ lé e, wọ́n fi gba ilé kan fún ọjọ́ kan ní Lẹ́kkí, wọ́n háyà ọkọ̀, wọ́n sì sanwó fún àwọn ọmọbìnrin tí kò mọ ìtumọ̀ orin náà. Nígbà tí iṣẹ́ parí, kò sí èéfín, kò sí agbọ̀n, kò sí ẹja kan ṣoṣo. Ìyá náà wò ó lórí fóònù mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì bi mí pé, "Bọ̀dá mi, èwo ni èmi nínú wọn?" N kò rí èsì fún un.

Kí ni ká wá sọ nípa owó tí wọ́n ń fọ́n? Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá fọ́n owó náírà tàbí tó jó lórí rẹ̀ ti ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Síbẹ̀ wọ́n ń da á sílẹ̀ nínú fídíò, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lójú ìyá tó ń ṣírò owó gààrí. Nípa ìhòòhò inú àwọn fídíò wọ̀nyí, mo mọ̀ pé àwọn kan yóò pè mí ní ará àtijọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí baba tó pa tẹlifíṣàn nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì pa orin dáradára pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ má sọ fún mi pé owó ni kò sí. Ìkòròdú yìí kan náà ni àwọn Ikorodu Bois ti jáde, àwọn ọmọdé tó ń fi ìkòkò, abọ́, igi àti bárò alábàárù ṣe àfarawé fídíò orin àti ìpolówó fíìmù ńláńlá. Ní ọdún 2020 wọ́n ṣe àfarawé ti Extraction, àwọn tó ṣe fíìmù náà ní Amẹ́ríkà rí i, wọ́n sì yìn wọ́n. Ọdún yẹn náà ni Netflix kó ohun èlò ìyàwòrán ránṣẹ́ sí wọn. Gbogbo ìṣísẹ̀, gbogbo yíyí orí, ni wọ́n fi ara balẹ̀ ṣe kó lè bá ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ mu, àgbàlá tí a mọ̀ ló sì wà lẹ́yìn wọn. Ìdí nìyí tí gbogbo ìlú fi ń fi wọ́n yangàn. Bí eégún ẹni bá jó ire, orí a yá ni. Òwe yìí ni kí ẹ̀yin olórin gbé sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ronú òǹwòran: ó ń wá ọ̀nà tí orí rẹ̀ yóò fi yá, ẹ̀yin sì ń gbé eégún ará ibòmíràn jáde fún un.

Ní ọdún 2017, Mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, Lai Mohammed, sọ pé ìjọba fẹ́ tún òfin ṣe kí fídíò orin tí a bá pè ní ti Nàìjíríà lè jẹ́ èyí tí a ṣe ní Nàìjíríà. Kí ni òfin yóò ṣe fún ẹni tó jókòó sí Èkó, tó sì ń wá ògiri tí kò ní jọ Èkó? Ẹ̀yin olùdarí ni mo kọ́kọ́ ń bá wí. Ẹ ń gba owó àjọ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ kò gbọ́ orin rẹ̀ tán, fídíò kan náà ni ẹ sì ń tà fún gbogbo ènìyàn, orúkọ olórin nìkan ni ẹ ń pààrọ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tó ń pariwo pé ó ti di ọ̀gá nítorí ọkọ̀ tí yóò dá padà kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀yin náà ń bà á jẹ́. Ẹ̀yin olórin, ẹ fi owó ilé Lẹ́kkí yẹn san owó oníjó tó ti kọ́ ijó dáradára, ẹ dánra wò, ẹ lọ ya Báyékù ní òwúrọ̀ nígbà tí èéfín ń rú, ẹ sì pe ìyá yín jáde síwájú kámẹ́rà. Bí ojú bá ń tì yín láti fi ilé tí wọ́n ti tọ́ yín hàn, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ kọrin mọ́.