Ohun tí èrò ń wá jù lórí Google kọ́ ló ń mówó wọlé jù fún oníkànnì

Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìkànnì tí yóò máa pawó, ìmọ̀ràn kan náà ló máa ń kọ́kọ́ dé etí rẹ̀: wo ohun tí èrò pọ̀ jù lọ ń wá lórí Google, máa kọ ọ́, lẹ ìpolówó mọ́ ọn, kí o wá fọwọ́ lẹ́rán máa retí dọ́là. Ìmọ̀ràn yìí ló kó ẹgbẹ̀lẹ́gbẹ̀ ìkànnì sídìí JAMB, ìròyìn òṣèré, èsì bọ́ọ̀lù àti "iṣẹ́ ìjọba ti jáde". Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ̀wé lójoojúmọ́ láìrí owó dátà wọn padà. Wọn ò ya ọ̀lẹ rárá. Kókó tí wọ́n yàn, èyí tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní niche, ni kò lè bọ́ wọn. Ohun tí òǹkàwé fẹ́ ṣe lẹ́yìn tó bá kàwé yín tán ló ń mówó wá, àti ẹni tó ṣetán láti sanwó kí òun lè bá òǹkàwé náà pàdé. Iye orí tó wọlé kò sọ ìkankan nínú méjèèjì fún yín.

Ẹ jẹ́ ká fi JAMB ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló ń tan èèyàn jẹ jù. Lóòótọ́ ni èrò ibẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni èrò ọ̀hún? Ọmọ ọdún 16 sí 19 ni, tó ń fi dátà táṣẹ́rẹ́ wá ohun kan ṣoṣo: ọjọ́ ìdánwò, máàkì tí ilé-ìwé kan ń gbà, tàbí bó ṣe máa rí èsì rẹ̀. Ó kà á, ó lọ. Kò sí ohun tó fẹ́ rà, kò sì sówó lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, gbàǹjo ni Google fi ń ta ààyè ìpolówó. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí ojú-ìwé yín, àwọn olùpolówó á dá iye lé òǹkàwé yẹn, ẹni tí iye tirẹ̀ bá ga jù ni ìpolówó rẹ̀ á hàn. Ìlú tí òǹkàwé wà, ohun tó ń kà, irú fóònù tó ń lò àti oṣù tí a wà, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé iye náà sókè tàbí tó ń fà á wálẹ̀. Àwọn olùpolówó máa ń náwó gan-an ní oṣù Kọkànlá àti Kejìlá. Bí oṣù Kìíní bá ti wọlé, owó á já. Ẹ wá wo ìgbà tí èrò JAMB ń dé: ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n sábà máa ń forúkọ sílẹ̀, nǹkan bí oṣù Kẹrin ni wọ́n ń ṣe ìdánwò. Ìgbà tí ìpolówó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀kú ni èrò ń rọ́ wọlé.

Ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ojú-ìwé yín di ṣíṣí nígbà 100,000 lóṣù kan, tí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan sì mú ààbọ̀ dọ́là wá lẹ́yìn tí Google ti yọ tirẹ̀, èyí tó tó nǹkan bí 32 nínú 100. $50 nìyẹn. AdSense, ètò tí Google fi ń sanwó ìpolówó fún oníkànnì, kì í sanwó títí owó yóò fi pé $100, nítorí náà oṣù méjì lẹ ó fi dúró kí ẹ tó fojú kan kọ́bọ̀. Nígbà tí ìdánwò bá parí, tí ìgbà tí wọ́n ń ṣí i bá já sí 10,000, $5 ló kù lóṣù. Ìkànnì tó sáré fún oṣù mẹ́rin á wá sùn fún oṣù mẹ́jọ.

Ìyẹn tún jẹ́ bí Google bá gbé yín jáde rárá. Lórí ọ̀rọ̀ JAMB, ẹ ó bá ìkànnì JAMB fúnra rẹ̀ níwájú, ẹ ó bá Punch àti Vanguard, ẹ ó tún bá àwọn ìkànnì ẹ̀kọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìbéèrè tí gbólóhùn kan lè dáhùn sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ oníkànnì pátápátá: láti oṣù Karùn-ún 2024 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdáhùn tí AI kọ sókè ojú-ìwé rẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ti rí ọjọ́ ìdánwò níbẹ̀ kò ní tẹ ìkànnì ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó kan tí èrò rẹ̀ kò tó nǹkan: bí èèyàn ṣe lè yan ínfátà, bátìrì àti sólà sílé rẹ̀. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, epo jẹnẹrétọ̀ sì fò sókè. Ní oṣù Kẹrin 2024, owó iná fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní àwọn á máa fún ní iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, kúrò ní ₦68 fún yúníìtì kan, ó di ₦225. Ẹni tó ń béèrè pé wákàtí mélòó ni bátìrì 220Ah lè fi gbé fìríìjì kò wá ṣeré. Ó ti ń ka owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á kí wọ́n má lọ ta ayédèrú fún òun.

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé fi gbólóhùn kan sọ, ibẹ̀ ni àǹfààní yín wà. Bátìrì olómi 12V tó jẹ́ 220Ah, ẹ fi 12 sọ 220 di púpọ̀, 2,640 wáàtì fún wákàtí kan ló ń gbé. Kò yẹ kéèyàn lò ju ìdajì lọ kó má baà tètè kú, ó ku 1,320. Ínfátà fúnra rẹ̀ á jẹ nǹkan bí 15 nínú 100, ó ku nǹkan bí 1,120. Fìríìjì kékeré tó ń jẹ 80 wáàtì ní ìpíndọ́gba lè fi ìyẹn ṣiṣẹ́ fún wákàtí 14. Ẹ fi fáànù méjì kún un, 60 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, 200 ló dà, bátìrì kan náà kò ní ju wákàtí márùn-ún ààbọ̀ lọ. Bí bátìrì bá ti gbó, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Òǹkàwé tó rí ìṣirò báyìí, tó rí ibi tó lè fi iye àwọn ẹ̀rọ ilé tirẹ̀ sí, ìbéèrè tó kù lẹ́nu rẹ̀ ni ibi tó ti lè rà á.

Ẹni tó ń tà á ló máa sanwó fún yín níbẹ̀. Ká ní 3,000 òǹkàwé ló ń wá lóṣù, 30 nínú wọn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ sólà tí ẹ júwe fún wọn lórí WhatsApp, mẹ́rin sì rà á. Bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá tó ₦1,500,000, tí làádà yín jẹ́ 2 nínú 100, ₦30,000 lórí ẹnì kan, ₦120,000 lápapọ̀. $50 ti JAMB, bí ẹ bá ṣẹ́ dọ́là kan sí ₦1,500, ₦75,000 ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta òǹkàwé ti borí ìṣísílẹ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Ẹ fi iye ìlú yín rọ́pò èyí tí a lò, kí ẹ tún un ṣe. Bí oníṣẹ́ náà bá ní làádà kò ju ìdajì ìyẹn lọ, ẹ mọ̀ kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan.

Àwọn mìíràn gbọ́ èyí, wọ́n sì sáré gba òdìkejì: wọ́n ní ó yá, ká kọ ọ̀rọ̀ ìbánigbófò, owó yíyá àti àìsàn, nítorí pé ibẹ̀ ni owó títẹ̀ ìpolówó ti wọ́n jù. Inú Keyword Planner, irinṣẹ́ tí Google ṣe fún àwọn olùpolówó, ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì ṣì í kà lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́, iye tó wà níbẹ̀ ni iye tí olùpolówó ń dá kí ìpolówó rẹ̀ lè hàn lórí ojú-ìwé Google gan-an. Iye tí yóò bọ́ sórí ìkànnì yín yàtọ̀, ó sì sábà máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ gan-an. Èkejì, òpó tí wọ́n kọ "Competition" sí, àwọn olùpolówó tó ń bára wọn du ààyè ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ tó ní "Low" níbẹ̀ lè jẹ́ èyí tí ìkànnì ńláńlá ogún ti jókòó tì. Àṣìṣe yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù nínú gbogbo èyí tí a mọ̀, torí pé ó dà bí ẹni pé ẹ ti ṣe ìwádìí.

Ní ti àìsàn àti owó, Google ní òfin tó le fún ọ̀rọ̀ tó lè ṣe ìlera tàbí àpò èèyàn ní jàǹbá. Àtúnṣe tó ṣe sí bó ṣe ń to èsì ní 1 oṣù Kẹjọ 2018 gbá àwọn ìkànnì ìlera débi pé àwọn oníṣẹ́ yìí sọ ọ́ ní Medic. Ní oṣù Kejìlá 2022, ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn aṣàyẹ̀wò rẹ̀ ń lò fi ìrírí kún ohun tí wọ́n ń wò: ṣé ẹni tó kọ̀wé ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan náà rí? Ẹni tí kì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò ṣòro kó rí ojú-ìwé àkọ́kọ́. Kò sì yẹ kó rí i, nítorí ẹ̀mí èèyàn ni.

Amazon, tó ń fún oníkànnì ní làádà lórí ọjà tí òǹkàwé rẹ̀ bá rà, náà ń tan èèyàn. Ẹni tí òǹkàwé rẹ̀ wà ní Èkó kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí tà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Houston, nípa ohun èlò ìdáná tàbí ìwé ọmọdé, lè rí nǹkan. Ṣùgbọ́n òǹkàwé gbọ́dọ̀ kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 24 tó bá tẹ líǹkì yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ ta mẹ́ta láàárín ọjọ́ 180 àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ti àkáǹtì yín. Ní 21 oṣù Kẹrin 2020, wọ́n gé làádà àga àti ohun èlò ilé láti 8 sí 3 nínú 100, oúnjẹ láti 5 sí 1. Ẹni tó ti fi gbogbo ìkànnì rẹ̀ dúró lé ọ̀kan nínú wọn jí lọ́jọ́ kan, owó rẹ̀ ti dín kù ju ìdajì lọ. Kókó tó bá ní ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo tó lè sanwó, ẹ fura sí i.

Ó wá ku bí ẹ ó ṣe dán kókó wò kí ẹ tó ra orúkọ ìkànnì. Ọ̀sẹ̀ méjì tó. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tó lè sanwó, ó kéré tán mẹ́ta, kí ẹ bi wọ́n pé bí ẹ bá mú oníbàárà wá, èló ni, báwo ni wọ́n á sì ṣe mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Bí kò bá sí ẹni tó dá yín lóhùn, ẹ ti rí ìdáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ìbéèrè 60 jọ. Ẹ má fi orí ara yín ronú wọn: inú Nairaland, ẹgbẹ́ Facebook, abẹ́ fídíò YouTube, àti ẹnu àwọn tó ń tajà ní Alaba tàbí Computer Village ní Ìkẹjà ni wọ́n wà. Àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí ń dáhùn ìbéèrè kan náà láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n mọ èyí tí oníbàárà máa ń béèrè kó tó yọ owó jáde. Bí ẹ kò bá rí tó 40, kókó náà ti há jù.

Ẹ mú 20 nínú wọn, kí ẹ wá wọn lórí fóònù nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ (incognito), kí ohun tí ẹ ti ń wò tẹ́lẹ̀ má baà yí èsì padà. Ẹ ka èsì mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ìwé ìròyìn, ìjọba àti ilé ìtajà ńlá ló kún un? Kò sí àyè. Ọ̀rọ̀ Nairaland àtijọ́, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ Facebook tàbí ìkànnì kéékèèké wà láàárín wọn? Google ń wá ìdáhùn tó dára, kò tíì rí i ni. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ níbi ìbéèrè 12 nínú 20, ẹ lè wọlé. Google Trends yóò fi hàn bóyá ọ̀rọ̀ náà ń kú lọ tàbí ó ní ìgbà tirẹ̀ lọ́dún, ṣùgbọ́n 0 sí 100 tó ń kọ kì í ṣe iye èèyàn: 100 ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná jù láàárín àkókò tí ẹ yàn.

Orúkọ ìkànnì, ẹ má fi ọdún sí i, ẹ má sì fi orúkọ ọjà kan ṣoṣo dè é. Ojú-ìwé 20 àkọ́kọ́ kí ó wà lórí igun kan, bátìrì nìkan fún àpẹẹrẹ, kí wọ́n máa tọ́ka síra wọn kí ẹ tó bọ́ sórí ínfátà. Ìkànnì tó kọ bátìrì lónìí, tó kọ bí a ṣe ń se ẹ̀fọ́ rírò lọ́la, kò sí ohun tí Google lè mọ̀ ọ́n mọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, Search Console, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Google fi ń han oníkànnì bí ìkànnì rẹ̀ ṣe ń jáde, ni yóò sọ ibi tí ẹ dé. Bí ojú-ìwé yín kò bá hàn fún ẹnikẹ́ni rárá, ẹ wo apá "Pages" bóyá Google tilẹ̀ ti gbà wọ́n wọlé. Bí wọ́n bá ń hàn ní ipò 11 sí 20, àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún kọ: ẹ fi ìṣirò, àwòrán tí ẹ fúnra yín yà, àti ìbéèrè tí Search Console sọ pé wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ yín kún un. Bí wọ́n bá ń hàn, tí wọ́n ń tẹ̀ wọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ sólà, ẹ fi ìkànnì sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ padà sídìí àwọn ìbéèrè 60 yẹn. Ìbéèrè ẹni tó fẹ́ mọ̀ lásán lẹ ti ń dáhùn, ẹ lọ mú ti ẹni tó fẹ́ rà.