Ẹ̀jẹ̀ nínú oyún kékeré: ẹ má sọ pé kí ó lọ sinmi

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn yìí, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti ní kí aboyún oṣù kejì tó rí ẹ̀jẹ̀ lọ dùbúlẹ̀ nílé fún ọ̀sẹ̀ kan, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ̀jẹ̀ náà lè jẹ́ àmì oyún tó so sí ọ̀nà ẹyin, níta ilé-ọmọ, èyí tí kì í dúró de ìsinmi. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn nǹkan oṣù ìkẹyìn ló sábà máa ń fara hàn: inú á máa dùn ún, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀jẹ̀ tó ń rí sì lè má ju díẹ̀ lọ, kó dúdú. Tí èjìká bá wá ń ro ó, tí òòyì ń kọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti máa dà sínú ikùn. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ẹ má fún un lóúnjẹ, torí iṣẹ́ abẹ lè kàn.

Àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì ní Òkè-Fíà, l'Óṣogbo, ò lè sọ ibi tí oyún wà; oyún ìta náà ń mú ìlà méjì jáde. Skánì tí wọ́n ń ṣe láti ojú ara ló dáa jù. Bí kò bá rí nǹkan kan, wọ́n á wọn hCG, ìyẹn họ́móònù oyún, inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí 48. Tí hCG náà bá ti kọjá 3,500 mIU/mL tí ilé-ọmọ ṣì ṣófo, ìfura pọ̀ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ inú ilé-ọmọ ni oyún wà, tí ẹnu ilé-ọmọ ṣì pa dé, tí ọkàn ọmọ ń lù, oyún náà sábà máa ń dúró.