Torí pé kò sérò níbẹ̀ gan-an la ṣe lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi lónìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tán nínú mi. Lánàá ni mo gbé fọ́tò mẹ́rin tá a yà létí òkun Badagry síbí, lẹnì kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi ọjọ́ pẹ́ bá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ìyá aláǹkárá, ibi tó dá páropáro báyìí lẹ kówó lọ ná sí? Kò sí DJ, kò sí súyà, kò séèyàn!" Àwọn mọ́kànlá ti bá a rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì tún ní nígbà mìíì ká lọ etí òkun Ẹlẹ́gùṣì l'Ékòó, pé ibẹ̀ layé wà.

Mo ti lọ Ẹlẹ́gùṣì. Mo lọ Bar Beach náà nígbà tó ṣì ń jẹ́ Bar Beach, kí wọ́n tó da iyanrìn síbẹ̀ tó fi di Eko Atlantic. Ẹni tó bá fẹ́ràn ibẹ̀, kó máa lọ, mi ò bá a jà. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bi yín, kí ni mò ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́? Ọdún 15 rèé tí mo ti ń tàǹkárá lọ́jà Gbági n'Íbàdàn. Bí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù báyìí lẹnu mi ò ní sinmi mọ́, "ẹ yà wò ó, oníbàárà mi, owó tẹ́ ẹ bá mú wá la ó gbà", alábàárù ń ké "àgò lọ́nà", ẹni tó ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí gbé sípíkà sórí mọ́tò ó wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi kò lọ. Tí mo bá tún délé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló kọjú sí wíńdò mi. Kí n wá gbéra ní Ìbàdàn, kí n dé Èkó, kí n sanwó géètì, torí kí n lè lọ gbọ́ ariwo? Kí ló dé?

Owó àjọ ni mo fi lọ. Mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé lọ́dún yìí mi ò bá wọn ra aṣọ ẹbí kankan, ibi tí etí mi á ti sinmi ni mo fẹ́ lọ. Èmi, òun, àtàwọn ọmọ wa méjèèjì. A kúrò nílé kílẹ̀ tó mọ́, tollgate, Berger, Ọ̀ṣòdì, Mile 2, ká tó wá bọ́ sójú ọ̀nà Badagry tó gbọn wá jìgìjìgì, ẹ̀yìn mi ṣì ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ èyí. A sùn mọ́jú nílùú Badagry, àárọ̀ ọjọ́ kejì la lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marina tó wà níbẹ̀.

Ẹni tí ò bá tíì débẹ̀ rí, ọ̀sà lẹ máa kọ́kọ́ sọdá, kì í ṣòkun. Erékùṣù Gberefu ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà oníyanrìn ni, àgbọn lọ́tùn-ún, àgbọn lósì, ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n sì ń kó àwọn ẹrú gbà láyé ijọ́un lọ sídìí ọkọ̀ òyìnbó. Kànga kan wà lójú ọ̀nà, wọ́n ní wọ́n máa ń fún wọn lómi ẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ọmọ mi obìnrin ní, "Mọ́mì, ṣé wọ́n gbàgbé lóòótọ́?" Mi ò mọ ohun tí màá sọ. Bàbá ẹ̀ ló dá a lóhùn pé ká ní wọ́n gbàgbé ni, wọn ò ní máa pe Ṣàngó àti Yemọja ní Brazil dòní. A ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tá a fi rí òkun.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni, kò sí àlejò kankan níbẹ̀ àfi àwa. Kì í ṣe pé kò sí ohùn o, ìgbì ń dún, àmọ́ nínú gbogbo ohùn tí mò ń gbọ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ ta nǹkan fún mi, kò sì sí ẹni tí mo fẹ́ tajà fún. Akàn kan yọrí nínú ihò ẹ̀, ara ẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, ojú ẹ̀ méjèèjì nàró bí orí ìṣáná, ó wò wá, ó padà wọlé. Mo jókòó ti ihò yẹn, ó ní bó ṣe pẹ́ tó. Mi ò lè ṣàlàyé bí ọkàn mi ṣe rí.

Níwájú díẹ̀, àwọn apẹja Ègùn ń fa àwọ̀n, wọ́n á tó bí ogún, okùn méjì, ọ̀wọ́ kan dì í mú lápá ibí, ọ̀wọ́ kan lápá ọ̀hún, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fẹ̀yìn rìn. Bàbá àwọn ọmọ lọ bá wọn fà á, okùn yẹn bó o lọ́wọ́.

Ohun tí mi ò gbé sórí fọ́tò wá nìyí. Ìgbì ń fọ́ lápá ọ̀tún, ó ń fọ́ lápá òsì, àmọ́ àárín kan wà tí omi ti tẹ́jú bí omi inú abọ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, wo ibẹ̀, ó rò pé ibẹ̀ ló rọ̀ jù, ó wọ̀ ọ́ dé orúnkún. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mò ń ya fídíò ni. Bí ọ̀kan nínú àwọn apẹja ṣe ju okùn sílẹ̀ nìyẹn, ó ń sáré bọ̀, "Ìyá, ẹ pè é! Ẹ pè é, ibẹ̀ ń fà!" Kí n tó lanu, omi ti dé àyà ọmọ yẹn, kò sì gbẹ́sẹ̀ o, iyanrìn ló ń yọ́ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ọkùnrin yẹn wọ omi lọ bá a, ó gbá a lápá mú, kò sì fà á bọ̀ lọ́dọ̀ wa tààrà, ẹ̀gbẹ́ ló gbé e gbà, títí ìgbì kan fi da àwọn méjèèjì sórí iyanrìn.

Nígbà tí mo sunkún tán ló wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní omi tí ìgbì bá kó wá sétí, ó gbọ́dọ̀ padà, ibi tó bá ti rọ́nà ló sì máa ń kó ara ẹ̀ jọ gbà padà sínú òkun, ìdí nìyẹn tí ìgbì kì í fi í fọ́ dáadáa níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá kọjú sí ilẹ̀ gbígbẹ tó fẹ́ fagbára lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ á kàn rẹ̀ títí ni, kó máa wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ etí òkun lọ títí kò fi ní fà á mọ́, kó tó kọrí sí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì padà sídìí okùn. Nígbà tí àwọ̀n jáde, ọ̀rá píọ́ wọ́tà inú ẹ̀ pọ̀ ju ẹja lọ, síbẹ̀ wọ́n bu ṣawá fún wa.

Màmá mi ò tíì gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀bá Ògùnpa ni wọ́n ń gbé nígbà omíyalé 1980, títí dòní tójò bá ń rọ̀ lóru wọn kì í lè sùn, wọ́n á dìde jókòó. Kí n tó kúrò nílé wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru." Mo ní, "Màmá, a ò wa ọkọ̀ kankan, a kàn fẹ́ lọ jókòó ni."

Ibi tí kò sérò ṣì wù mí, kẹ́nikẹ́ni má wá sọ fún mi pé owó mi ṣòfò. Àmọ́ mo ti bi ọkùnrin yẹn léèrè ká tó kúrò níbẹ̀, ó ní táwọn bá ti fa àwọ̀n tán, àwọn á kó ẹja lọ ni, kò ní séèyàn níbẹ̀ mọ́ dọjọ́ kejì. A ò jí kánkán láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ká ní a tún pẹ́ díẹ̀ sí i ńkọ́? Láti ìgbà tá a ti dé ni mo ti ń rò ó.

Bàbá àwọn ọmọ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ omi la máa lọ lọ́dún tó ń bọ̀, kódà kí wọ́n gbé sípíkà lé wa lórí. Mo ní ká padà sí Gberefu, ká má kàn wọ omi. Ọmọ wa ọkùnrin ní òun ò lọ síbì kankan. A ò tíì sọ ọ́ yanjú.