Ẹja Tútù, Tútù Wo?

Bí ìdílé kan bá lọ sí etí òkun lóde òní, tí wọ́n dé láìní fọ́tò ẹja lọ́wọ́, ńṣe ni ojúlùmọ̀ á máa fura pé inú ilé ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ra wọn sí. Òkun fúnra rẹ̀ ò tó ẹ̀rí mọ́. Ta ni ò lè ya òkun? Omi ni, kò sì níbi tó ń lọ. Ẹ̀rí tó dájú ni àwo funfun tó fẹ̀ bí ìlù, ẹja kan tó dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ tó ń fi ojú kan wo ni, ègé ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n halẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín, àti ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ gbogbo rẹ̀: "Ẹja tútù, látinú òkun tààrà!"

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ènìyàn: èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí, èmi tilẹ̀ ni akápò.

Ọkọ̀ wa ò tíì dúró tán tí ebi ti ń han àwọn ọmọ léèmọ̀. Ilé oúnjẹ àkọ́kọ́ tí a kàn, òórùn ẹja díndín ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fà wá wọlé lápá. Ìyá àwọn ọmọ yọ fóònù, ó wò ó, ó yínmú: ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún ni àwọn tó ti jẹun níbẹ̀ fún wọn. Èkejì ní ìràwọ̀ mẹ́rin, àmọ́ ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí, tí a ò mọ ilé bàbá rẹ̀, kọ ọ́ síbẹ̀ pé àga wọn le. A kọjá. Ẹ̀kẹta, fọ́tò ibẹ̀ ò dán. A kọjá. Àbíkẹ́yìn wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì, ó ní òun ò lọ mọ́. A gbé e kọ́rùn, a sì ń tẹ̀ lé ìràwọ̀ lọ bí àwọn amòye ìlà-oòrùn, àfi pé àwọn yẹn mọ ẹni tí wọ́n ń wá.

Ìràwọ̀ tí à ń sọ yìí kẹ̀! Ní 2017, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Oobah Butler gbé ahéré ẹ̀yìnkùlé tó ń gbé ní London sórí TripAdvisor, ìkànnì tí àwọn oníbàárà ti ń fún ilé oúnjẹ ní ìràwọ̀, ó pè é ní ilé oúnjẹ. Kò se oúnjẹ kankan tà. Ó kàn ń ya fọ́tò: fọ́ọ̀mù ìfárùngbọ̀n ló fi ṣe ọ̀kan, gìgísẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ṣe òmíràn. Oṣù kẹrin ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, ahéré náà ti gba ipò kìíní nínú ilé oúnjẹ tó lé ní 18,000 ní London, àwọn ènìyàn sì ń pè é, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ fún àyè. Ká ní wọ́n gbé gìgísẹ̀ yẹn sétí òkun ni, à bá ti tò.

A rí ibi tó wù wá níkẹyìn. Wọ́n ní tábìlì ṣófo nínú ilé, níbi tí atẹ́gùn ò dé, a lè jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú ilé kẹ̀? Èyí tó kọjú sí òkun ni tiwa. A dúró dè é títí oòrùn fi yí kúrò lórí wa. Nígbà tí a jókòó tán, atẹ́gùn gbé ìnuwọ́ mẹ́ta lọ, ó da iyanrìn sínú omi mímu, irun ìyàwó mi sì wọ̀ mí lẹ́nu nígbà méjì kí oúnjẹ tó dé. Gbogbo wa gbà pé ibẹ̀ dára.

Nínú ìwé oúnjẹ wọn, gbogbo nǹkan ló ní iye àfi ẹja. Níwájú ẹja, "bí ọjà bá ṣe rí lónìí" ni wọ́n kọ. Mo mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá ti fi iye pamọ́, àpò ẹni ni wọ́n ń wò, àmọ́ ta ló fẹ́ béèrè lójú ìyàwó àti ọmọ? Mo kúkú pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ, mo mú ohùn mi ki bí ọmọ apẹja: "Ṣé ẹja tútù ni?"

"Tútù ni, ẹ̀gbọ́n. Ó tutù dáadáa."

Kò purọ́. Èdè wa ló gbè é. Ẹja tí wọ́n pa láàárọ̀, tútù ni. Ẹja tó ti lo oṣù mẹ́ta nínú fírísà, òun gan-an ló tutù jù. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ láì sè é rárá ló tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ kí iná ba adùn òkun jẹ́. Òfin European Union sì pàṣẹ pé ọ̀pọ̀ ẹja tí wọ́n bá máa gbé fún ènìyàn láì sè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì gbagidi ní ìwọ̀n Celsius 20 nísàlẹ̀ òdo, fún wákàtí 24 ó kéré tán, kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ẹja tí ọ̀gá ń fi yangàn bí ẹni pé òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, inú yìnyín ló ti jí.

Òkun pàápàá, ǹjẹ́ ó mọ̀ ọ́n rí? FAO, àjọ ìparapọ̀ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣírò rẹ̀ pé ní 2022, ẹja àti ẹran omi mìíràn tí wọ́n sìn pọ̀ ju èyí tí wọ́n pa lómi lọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn: ìdá 51 nínú 100. Ẹ wo ẹja sámọ́nì tó kún inú ìwé oúnjẹ kiri, títí kan etí òkun tí sámọ́nì ò yà sí rí láti ọjọ́ táláyé ti dáyé. Ọgbà ẹja ní Norway ni púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà. Ara rẹ̀ tó pupa fòò yẹn, inú oúnjẹ tí wọ́n fi bọ́ ọ ni wọ́n po àwọ̀ náà mọ́. Láìsí ìyẹn, ẹran rẹ̀ á rí bí eérú. Orúkọ ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ sọ̀yà. Láàárín 2010 sí 2012, Oceana, àjọ kan tó ń dáàbò bo òkun, kó ẹja 1,215 jọ káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ DNA wọn wò: ìdá 33 nínú 100 ń jẹ́ orúkọ olórúkọ. Àwa jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin ká lè bá ẹja pàdé, òun náà sì lè ti rìn jù wá lọ kó tó bá wa.

Tiwa dé, ó ń yọ ooru. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Àwo ló fẹ̀. Àbíkẹ́yìn nawọ́ sí i. Ènìyàn mẹ́rin kígbe lẹ́ẹ̀kan náà: "Má fọwọ́ kàn án!" Ó bínú wọ abẹ́ tábìlì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gun àga kó lè yà á látòkè. Ìyàwó mi ní òjìji ìgò ń bo ìrù ẹja. A gbé ìgò kúrò, a tún dá a padà torí pé àwo dá nìkan wà. A yí tábìlì. Èmi? Mo bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kó gbé àwo padà sẹ́yìn, kó tún máa gbé e bọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, kí n lè fi ṣe fídíò. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, Ọlọ́run bù kún un. Níkẹyìn mo fi ìka yí orí ẹja sọ́dọ̀ kámẹ́rà. Ó ti tutù bí imú ajá.

Àwọn olùwádìí Yunifásítì Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé oúnjẹ síwájú àwọn ẹyẹ òkun, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2019. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ẹyẹ náà, ó máa ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 21 pẹ́ sí i kó tó sún mọ́ oúnjẹ. Ojú ènìyàn ló ń kọ ọ́ lóminú. Ní tábìlì tiwa, ojú mẹ́jọ ló yí ẹja ká, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló sì wà lórí fóònù, à ń yan èyí tó dára jù nínú fọ́tò mẹ́tàdínlógójì. Ẹyẹ kan tó sanra sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó wọ̀tún, ó wòsì, ó gbé ẹja, ó lọ. Kò ya fọ́tò kankan.

Ègé ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan la bá lórí àwo. Àbíkẹ́yìn jáde lábẹ́ tábìlì, òróró lẹ́nu rinrin: ọ̀dùnkún díndín tí a rà fún un, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ohun tí à ń yà, ló ti jẹ tán ní gbígbóná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìwé owó wá, mo sì rí bí ọjà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn.

Ká tó dé ìdí ọkọ̀, ìyàwó mi ti gbé fọ́tò kọkàndínlógún síta: "Ẹja tútù, látinú òkun tààrà!" Ọ̀rẹ́ mi kan bi wá lábẹ́ rẹ̀ pé báwo ló ṣe rí. Gbogbo ilé yíjú sí mi. Mo rántí ìka mi, mo dá a lóhùn: "Ó tutù gan-an."